Ẹni Tó Bá Yín Fọn Fèrè

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àtìgbà náà. N kò mọ̀ bóyá wọ́n ń ka lẹ́tà níbi tí ẹ wà, n kò sì mọ ẹni tí yóò kà á sí yín létí, nítorí ẹ̀yin àti ìwé kò bára yín ṣọ̀rẹ́ láyé ńbí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ti dì mọ́ mi láyà láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, kò sì sí ẹlòmíràn tí mo lè sọ ọ́ fún. Mo fẹ́ bá yín jà díẹ̀. Lẹ́yìn ìjà náà, mo fẹ́ kí ẹ rẹ̀ mí lẹ́kún.

Lọ́jọ́ tí a sin yín, àwọn àgbà ń sọ fún yín pé kí ẹ má jẹ ọ̀kùn, kí ẹ má jẹ ekòló, ohun tí wọ́n bá ń jẹ lọ́hùn-ún ni kí ẹ máa bá wọn jẹ. Inú ẹkún ni mo wà tí ẹ̀rín fi fẹ́ gbà mí lẹ́nu. Ẹ̀yin tí ẹ kì í fẹnu kan ẹja tí ẹlòmíràn bá yan! Ta ni yóò yan ẹja fún yín tí ẹ ò ní yí i síwá yí i sẹ́yìn, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀, kí ẹ sì ní iná rẹ̀ ti pọ̀ jù? Ṣé wọ́n tiẹ̀ ń jẹ ẹja lọ́run? Bí wọ́n bá ń jẹ ẹ́, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn máa yan án. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́.

Abúlé wa ṣì wà níbi tó wà, láàárín ọ̀sà àti òkun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkun ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Igi àgbọn mẹ́rin tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ti wó. Àwọn obìnrin ṣì ń yan ẹja lábẹ́ àtíbàbà yẹn, wọ́n ṣì ń fi èèpo àgbọn dáná, nítorí èéfín rẹ̀ ló ń fún ẹja agbódó ní àwọ̀ pípọ́n tí àwọn oníbàárà ọjà Agbálátà ń fẹ́. Àgbá onírin mẹ́ta tí ẹ fi ń yan tiyín wà níbẹ̀. Ìyá Sẹ̀nàmi, ọ̀rẹ́ yín, ló ń bá yín gbá ìdí wọn láràárọ̀ títí di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni dáná sí wọn. Ẹ̀yin méjèèjì tí ẹ máa ń bára yín jà lórí èèpo àgbọn, tí ẹ óò tún jọ jẹun nínú abọ́ kan náà kí oòrùn tó wọ̀!

Bí àárò yín bá sọ mí, ohun tí mo máa ń rí jù ni bí ẹ ṣe ń fẹ́ná. Ẹ kì í lo abẹ̀bẹ̀. Ẹ ní abẹ̀bẹ̀ a máa da eérú sára ẹja. Ẹnu lẹ fi ń fẹ́ ẹ. Ẹ óò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ óò di ojú yín, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín méjèèjì á wú, ẹ óò sì fẹ́ ẹ títí yóò fi jó. Tí ẹ bá nàró, ẹ óò fi etí ìró yín bo ẹnu, ẹ óò wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kì í dín, kì í lé. Ẹ óò wá sọ ọ̀rọ̀ tí ẹ máa ń sọ, pé èéfín kì í pànìyàn, ebi ló ń pànìyàn. Èmi náà wà lẹ́yìn yín nínú èéfín yẹn títí mo fi rìn. N kò mọ̀ pé òórùn ara èèyàn lè má rùn bí èéfín, àfi ìgbà tí mo lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí mo gbé àárín àwọn ọmọ ìgboro.

Ẹ rántí ìgbà tí mo gba iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé? Mo sọ fún yín títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó pé èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa wọkọ̀ láti abúlé dé abúlé, kí n wọn ọmọ, kí n kọ orúkọ, kí n kìlọ̀ fún aláboyún. Ẹ ní ṣé mo máa ń wọ aṣọ funfun? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ ní nọ́ọ̀sì ni mí nìyẹn. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, gbogbo etí omi ti ń pè yín ní Ìyá Nọ́ọ̀sì, ẹ sì ń dáhùn láìtijú!

Ó ti pé ọdún mẹ́ta báyìí tí àwọn dókítà kan kọ́kọ́ wá sí abúlé wa láti yẹ èémí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú èéfín wò. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ìwòsàn ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá fẹ́ rí dókítà ẹ̀dọ̀fóró yóò wọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kọjá ọ̀sà, yóò gun ọ̀kadà dé Mowó, yóò tún wọ mọ́tò. Ọjọ́ kan ti lọ nìyẹn, ẹja rẹ̀ sì ti bàjẹ́ nílé. Ìyẹn ni wọ́n ṣe gbé ẹ̀rọ náà wá bá wa. Ẹ̀rọ kékeré kan ni, tó ní ihò bíi ti fèrè. Èèyàn á mí kanlẹ̀, á ki ẹnu bọ̀ ọ́, á sì fi gbogbo agbára fọn ọ́ títí kò fi ní sí èémí kankan mọ́ nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ á wá kọ nọ́ńbà síta. Kò pẹ́ tí ẹ̀yin obìnrin fi sọ ọ́ ní fèrè dókítà.

Èmi tí mo mọ ojú gbogbo yín ni wọ́n fi sí ìdí tábìlì níta, lábẹ́ igi fúrúùtù, kí n máa kọ káàdì. Inú kíláàsì ṣọ́ọ̀ṣì, tí mo kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ni wọ́n ti ń fọn fèrè, obìnrin kan tó ti ìgboro wá ló sì dì í mú. Kò mọ ẹnikẹ́ni. Ojú ẹ̀rọ nìkan ló ń wò. Bí ẹni kan bá fọn tán, obìnrin náà á na káàdì rẹ̀ sí mi láti ojú fèrèsé, á sọ nọ́ńbà rẹ̀, èmi á sì kọ ọ́.

Nígbà tó pe orúkọ yín, nọ́ńbà yín dára débi pé mo ní kó tún un pè. Dókítà fúnra rẹ̀ wá wò ó, ó ní ẹ̀dọ̀fóró ọmọge ló wà láyà ìyá yìí. Mo jó níbi tí mo jókòó sí! Mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ sí káàdì, mo wé káàdì náà sínú ọ̀rá, mo fi ìṣó kàn án mọ́ ògiri nílé wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà. Ẹ wò ó, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní kí n wá jẹun.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mímí gúlegúle bẹ̀rẹ̀. Láti èbúté dé ẹnu ọ̀nà wa kò ju ìrìn díẹ̀ lọ, ẹ ń dúró lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó dé ilé. Mo rí i. Ojú mi yìí ló rí i. Mo sì sọ fún yín pé kì í ṣe èémí, pé èémí yín dára, ó wà lára ògiri. Mo fún yín ní oògùn ibà. Mo fún yín ní oògùn ẹ̀jẹ̀. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá, èmi tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ ìlera ni mo sì ṣe é. Nígbàkígbà tí mo bá ti dárúkọ káàdì yẹn, ẹ máa ń kọjú síná.

Nígbà tí mo gbé yín dé ọsibítù ńlá, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Dókítà béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti yẹ èémí yín wò rí. Mo yọ káàdì jáde kíá, mo gbé e fún un. Ó wo káàdì, ó wò yín, ó tún wo káàdì. Ó béèrè lọ́wọ́ mi ṣé ẹni kan náà ni. Inú bí mi, Màámi. Mo ní ẹni kan náà ni, èmi ni mo kọ ọ́! Ọjọ́ mọ́kànlá la lò níbẹ̀. Wọ́n fi rọ́bà afẹ́fẹ́ sí yín nímú, ẹ sì ń yọ ọ́ kí ẹ lè bi mí bóyá mo ti jẹun. Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ kẹ́yìn láyé nìyẹn, bóyá mo ti jẹun. N kò tíì jẹun, mo purọ́ fún yín.

Mo ti ń ṣépè fún ẹ̀rọ yẹn láti ìgbà náà. Mo ṣépè fún obìnrin ìgboro tó dì í mú. Mo sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé fèrè tó ń purọ́ ló pa ìyá mi.

Síbẹ̀, èmi kan náà ni mo kọ lẹ́tà lórí lẹ́tà pé kí wọ́n tún wá. Ikọ́ ti pọ̀ jù lábẹ́ àtíbàbà. Ìyá Àlàbá kò lè kọrin mọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní bí wọ́n bá máa wá, kí wọ́n gbé ẹ̀rọ tuntun wá, èmi fúnra mi ni n óò sì dì í mú. Wọ́n gbà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n dé.

Iṣẹ́ ń lọ dáadáa láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó kù díẹ̀ kó di ọ̀sán ni baálẹ̀ ránṣẹ́ pè mí, pé mo kó àlejò wọ̀lú, n kò mú wọn wá kí òun. Òótọ́ ni, mo jẹ̀bi. Mo fi fèrè lé ẹnìkejì mi níbi iṣẹ́ lọ́wọ́, ẹni tí kò mọ ẹnikẹ́ni lábúlé, mo lọ. Nígbà tí mo padà dé, ọ̀nà ẹ̀yìn ni mo gbà wọlé. Ta ni mo rí? Ìyá Sẹ̀nàmi. Gèlè orí rẹ̀ kì í ṣe èyí tó wé wá. Ó ki fèrè bọ ẹnu, ojú rẹ̀ ti pọ́n, àyà rẹ̀ ń gbọ̀n, káàdì Ìyá Àlàbá sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnìkejì mi kọ nọ́ńbà sí i, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi káàdì náà kún mẹ́ta mìíràn, ó fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn mí. Ó ní ọ̀rọ̀ yìí ń ba òun lẹ́rù, obìnrin mẹ́rin, nọ́ńbà wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, gbogbo rẹ̀ ló sì burú.

Èémí obìnrin kan ṣoṣo ni, Màámi. Ó ti fọn ti Ìyá Àlàbá àti tàwọn mẹ́ta mìíràn, ó ń pààrọ̀ gèlè bó ṣe ń wọlé.

Mo bi í pé kí ló ń ṣe. Kò tiẹ̀ bẹ̀rù. Ó ní àáró ni. Ó ní ṣé mo ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ àtíbàbà ni? Ẹni tí apá rẹ̀ le ń bá ẹni tí apá ń dùn gbé agbọ̀n, ẹni tí ojú rẹ̀ ríran ń bá ẹni tí kò ríran ṣa edé. Òun tí wọ́n mọ̀ sí òmùwẹ̀, ọmọ ìlú Kankon tó ń mòòkùn láti kékeré, òun ló ń bá àwọn yòókù fọn. Àjèjì ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Wọ́n ti gbọ́ pé ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ bá burú, ikọ́ ife ni wọn yóò pè é, bó bá sì dé Agbálátà, ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kan ẹja rẹ̀ mọ́. Ó ní ta ni yóò wá jókòó kí wọ́n ba ọjà òun jẹ́?

Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín. Ẹ mọ Ìyá Sẹ̀nàmi, ó lè pa òkúta lẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ò tíì kúrò lẹ́nu mi tí nǹkan kan fi sọ sí mi lọ́kàn. Mo bi í pé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ńkọ́, ẹni mélòó ló bá fọn. Ó ní méje. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kà wọ́n lórí ìka, ó ń dárúkọ wọn. Nígbà tó di ìka kẹfà, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó wo ilẹ̀.

Mo ti mọ̀ kó tó sọ.

Ó ní ẹ ti tò, ẹ ti mú káàdì yín dání. Ó ní ẹ kàn ń wò mí níbi tí mo ti ń kọ̀wé lábẹ́ igi, ẹ sì yọ ara yín kúrò lórí ìlà, ẹ pè é sẹ́yìn igi àgbọn, ẹ fi káàdì náà sí i lọ́wọ́. Ó kọ̀. Ó ní ti àwọn yòókù, eré ni, òun mọ̀ pé tiyín kì í ṣe eré. Ẹ bẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe nítorí Agbálátà. Ẹ sọ fún un pé ẹ mọ̀ pé èémí yín ti tán, pé ẹ ti mọ̀ tipẹ́. Ẹ ní bí ẹ bá fọn ọ́, ọwọ́ ọmọ yín ni yóò kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ kò sì fẹ́ kí ọwọ́ mi kọ ọ́.

Háà, Màámi.

Mo pariwo mọ́ ọn. Àgbàlagbà tó gbé mi pọ̀n, mo nàka sí i lójú láàárín àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀, mo ní òun ló pa ìyá mi. Ẹyin lohùn, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ó ti já bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó pe Máwù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí àwọn Ègùn ṣe ń pe Ọlọ́run, ó ká gèlè rẹ̀, ó lọ sílé. Àwọn yòókù tẹ̀lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnikẹ́ni kò fọn fèrè mọ́ lọ́jọ́ náà. Àwọn dókítà dúró títí ọkọ̀ fi fẹ́ lọ, wọ́n fi ẹ̀rọ kan sílẹ̀ sọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n rí i dájú pé mo mú obìnrin tó ni nọ́ńbà mẹ́rin yẹn wá sí ọsibítù láìpẹ́. Wọ́n ní oògùn kan wà tí yóò máa fà sí ẹ̀dọ̀fóró, tí yóò là á láyà, pé tirẹ̀ kò tíì dé ibi tí tiyín dé. Wọ́n ní kó má pẹ́.

Ó pẹ́. Èmi ni mo jẹ́ kó pẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi jókòó sí yàrá tí mo gbà sí Mowó nítorí iṣẹ́, tí mo ń bínú. Mo bínú sí i, mo bínú sí yín. Ṣé ẹ rò pé ọwọ́ mi yóò rọ ni? Kí lẹ rò pé wọ́n kọ́ mi fún? Ṣé ẹ̀rín tí ẹ rín lọ́jọ́ tí mo kan káàdì mọ́ ògiri, ẹ̀rín ayọ̀ ni àbí ẹ ń fi mí rẹ́rìn-ín? Mo bi yín léèrè nígbà tí mo ń fọṣọ, nígbà tí mo ń sebẹ̀, nígbà tí mo wà lẹ́yìn ọ̀kadà. Nígbà tí ẹ wà láyé pàápàá, bí ọ̀rọ̀ bá ti ká yín mọ́, ẹ óò ní ẹja fẹ́ jóná.

Lọ́jọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ kẹta, mo ń gun àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn wa, mo gbọ́ ìyá kan lẹ́yìn mi tó dúró kó lè mí. Ó rìn díẹ̀, ó tún dúró. Bí ẹ ṣe ń ṣe nìyẹn láti èbúté, èmi yìí ni mo sì ń rìn níwájú yín tí mo ń gbọ́ ọ. Etí mi gbọ́, ojú mi rí, mo wá lọ gba ìwé gbọ́. Tí a bá máa pín ẹ̀bi náà, Màámi, ti Ìyá Sẹ̀nàmi ló máa kéré jù nínú ti àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo sunkún lórí àtẹ̀gùn yẹn títí ìyá náà fi gbàgbé àìsàn tirẹ̀, tó ń bẹ̀ mí.

Àná ni mo wọkọ̀. Wọ́n sọ fún mi ní èbúté pé láti ọjọ́ yẹn, Ìyá Sẹ̀nàmi kò jáde síbi ẹja mọ́, ikọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń gbọ́ nínú ilé. Mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, mo tọrọ àforíjì. Kò ṣílẹ̀kùn. Ó sọ̀rọ̀ láti inú ilé pé kí n dìde nílẹ̀, òun kò bá mi jà. Mo ní kó jẹ́ ká lọ sí ọsibítù. Ó ní ẹni tó fi èémí ara rẹ̀ sin ọ̀rẹ́ rẹ̀, kí ló tún ń wá èémí kiri fún? Mo bẹ̀bẹ̀ títí, ilẹ̀kùn kò ṣí.

Ibẹ̀ ni mo wà tí ọkọ̀ ẹja fi dé. Wọ́n da ìpín tirẹ̀ sórí yanrìn, agbódó tó kún agbọ̀n méjì, kò sì sẹ́ni tí yóò yan án. Àwọn obìnrin ń wò mí láti abẹ́ àtíbàbà. Wọn kò kí mi bí wọ́n ṣe máa ń kí mi, mo sì mọ ohun tí mo ṣe. Mo dìde, mo fi ìborùn di imú, mo gbé agbọ̀n sórí, mo lọ dáná sí àgbá rẹ̀. Mo sọ fún wọn pé mo wá ṣe àáró. Mo ní mo kúnlẹ̀ fún gbogbo wọn nítorí ẹnu mi. Mo ní láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi èémí ara rẹ̀ bá ẹlòmíràn fọn fèrè, nítorí ibẹ̀ ni àáró kò lè dé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọjọ́ ọsibítù rẹ̀ bá pé, kó fi ẹja rẹ̀ sílẹ̀ kó lọ, àwọn tó kù yóò bá a yan án. Bí wọ́n bá ń bẹ̀rù Agbálátà, èmi fúnra mi yóò bá wọn dé Agbálátà, n óò sì sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé ikọ́ èéfín kì í ràn.

Ìyá Àlàbá ló kọ́kọ́ dáhùn. Ó ní ọ̀rọ̀ mi dára o, ṣùgbọ́n ṣé Nọ́ọ̀sì ṣì mọ ẹja yan? Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Àṣé n kò mọ̀ ọ́n mọ́. Abẹ̀bẹ̀ ni mo fi fẹ́ iná, eérú bo ẹja, ìsàlẹ̀ jóná kí òkè tó gbẹ. Òórùn ẹja jíjóná gba gbogbo abúlé. Ilẹ̀kùn Ìyá Sẹ̀nàmi sì ṣí gbà! Ó jáde pẹ̀lú ìró láyà, ó ń ké Máwù, Máwù, ó ní ta ni ọ̀dájú tó ń jó ẹja òun níná? Nígbà tó rí i pé èmi ni, ó dúró. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, eérú lórí, omijé lójú. Ó ní ìyá mi ì bá kú lẹ́ẹ̀kejì bó bá rí ohun tí mo fi ẹja ṣe. Ó wá fà mí mọ́ra, a sì jọ sunkún níbẹ̀, ikọ́ kò jẹ́ kó lè sun tirẹ̀ tán. Ẹlòmíràn ló yọ ẹja kúrò lórí iná.

A jókòó sórí ọkọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ létí ọ̀sà, níbi tí èéfín kò dé. Ó sinmi díẹ̀. Ó ní kí n mú fèrè náà wá, kí n mú káàdì tí orúkọ òun fúnra òun wà lára rẹ̀, kí n sì di kálàmù mú. Ó ní òun kò ní fọn ọ́ bí ẹlòmíràn bá máa kọ ọ́. Ó ní ìwọ ni kí o kọ ọ́, ìwọ gan-an. Mo ní ó dáa. Àwọn obìnrin yí wa ká, ẹnikẹ́ni kò ṣàwàdà mọ́. Ó mí kanlẹ̀, ó fọn. Ikọ́ dá a dúró. Ó tún fọn lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, ó fi gbogbo ara fọn ọ́. Lẹ́yìn náà, kò wo ẹ̀rọ. Ọwọ́ mi ló ń wò.

Nọ́ńbà náà kò dára, Màámi. Mo kọ ọ́. Mo gbé káàdì lé orúnkún lójú rẹ̀, mo sì kọ ọ́ títí dé òpin. Ìyá Àlàbá na ọwọ́ sí mi, ó ní ó kan òun. Mo kọ tirẹ̀ náà. Mo kọ ti mẹ́sàn-án lánàá.

Láàárọ̀ òní ni èmi àti Ìyá Sẹ̀nàmi wọkọ̀. Ọsibítù ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, lórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà dókítà, ó wà nínú ilé lọ́dọ̀ wọn, mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń bá wọn jiyàn. Wọ́n ti fún un lóògùn tí yóò máa fà. Wọ́n ní kò tíì pẹ́ jù.

Ẹ̀yin ni mo fẹ́ sọ èyí fún, kí n tó dìde. Ǹ bá kọ tiyín, Màámi. Ǹ bá sunkún sórí káàdì yẹn kó tutù, ǹ bá sì kọ ọ́, ilẹ̀ ọjọ́ kejì kì bá sì ti mọ́ bá wa nílé, ọ̀nà ọsibítù ni ì bá ti mọ́ bá wa.

Èmi ni,
ọmọ yín, tí àárò yín kò jẹ́ kó sinmi.